Àgbọ̀nrín Ọ̀nà Ìkòròdù àti Ìkòkò Ọbẹ̀ Mi

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Lórí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ yín wà bó ti ń kọ ìwé yìí, kì í sì í ṣe nítorí ìwà rere nìkan. Tábìlì kan ṣoṣo tí a ní ni ọkọ mi ti gbà tó fi ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, orí àpótí ìjókòó ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ ní mo ṣì ń jẹ èrè àdúrà tí wọ́n gbà lé mi lórí. Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn, ẹ kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n sunkún ju èmi fúnra mi lọ lọ́jọ́ tí mo ń wọ mọ́tò lọ sílé ọkọ. Ẹ kí gbogbo ọdẹ tó máa ń jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí jù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni lẹ́tà mi ti bá yín. Mo mọ̀ pé Bàbá kì í kàwé, mo sì mọ̀ pé tíṣà ìjọ wa máa ń ka ìwé ìròyìn sókè fún gbogbo ilé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí sínú àpò ìwé, ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni yóò gbọ́ ọ, ohun tó wà nínú mi sì ju ti ẹni méjì lọ. Nígbà tí Bàbá rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin, àwọn kan wà nínú ẹbí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn, tí wọ́n ní ìwé yóò jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀bẹ. Wọ́n ní ọmọ ọdẹ tó bá ti ń fi gègé kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kò lè kun ẹran mọ́ láéláé. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì wo ojú wọn fún mi.

Oṣù mẹ́rin ni mo ti dé ilé ọkọ, ayọ̀ mi kò sì tíì dín kù ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́. Yàrá kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré la ní ní Yábà, kò jìnnà sí Sábó. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan lápá Ọ̀yìngbò, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń pè mí ní Mísìsì pẹ̀lú imú tó ń ṣàn. Òjò ibí kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó rọ̀. Iyọ̀ máa ń di omi nínú àwo, bàtà máa ń hu funfun lábẹ́ ibùsùn, aṣọ tí mo bá sá láàárọ̀ kì í gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Owó tó ń wọlé kò pọ̀, ṣùgbọ́n a ń jẹ, a ń yó, a sì ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dé láti ilé ìwé tí ọkọ mi kò tíì dé, àárò ilé máa ń mú mi. Mo máa ń jókòó lẹ́yìnkùlé, mo máa ń gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń han, á sì máa ṣe mí bíi kí n sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ bẹ́ẹ̀lì kẹ̀kẹ́ ọkọ mi ní kọ̀rọ̀, gbogbo àárò náà á sì fò lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì kọ ọ́ sínú àwọn lẹ́tà mi ìṣáájú nítorí mi ò fẹ́ kí Ìyá mi máa ronú. Ìyá ọkọ mi kì í jẹun nínú ìkòkò mi.

Ẹ rántí pé Mùsùlùmí ni wọ́n nílé ọkọ mi. Ọmọ Múṣín pọ́ńbélé ni Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè wọ́n, òwò àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ ni wọ́n ń ṣe, irun márùn-ún kì í yẹ̀ wọ́n. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Bí Sátidé bá ti dé, wọn á gbé apẹ̀rẹ̀ ata wá fún wa láti Múṣín, wọn á bèèrè àlàáfíà yín lọ́wọ́ mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Bí mo bá wáá gbé oúnjẹ dé, wọn á ní àwọn ń gbààwẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọn á ní eyín ń dùn wọ́n. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ti jẹun kí wọ́n tó kúrò nílé. Omi nìkan ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo sunkún sí ọkọ mi lọ́rùn ló tó sọ òótọ́ fún mi. Ó ní ìyá òun gbọ́ pé ọmọ ọdẹ ni mí, wọ́n sì mọ̀ pé kìrìyó ni mí, wọ́n wá gbà pé ẹran tí ìbọn bá pa àti ẹran tó kú fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀ lójú mi. Òkúǹbete ni wọ́n ń bẹ̀rù, ẹran tí ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀ kí Mùsùlùmí tó fi ọ̀bẹ dúḿbú rẹ̀. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé ojú àwọn fẹ́ràn mi, ẹnu àwọn ń gbàdúrà fún mi, ṣùgbọ́n ikùn àwọn yóò jíhìn fún Ọlọ́run lọ́jọ́ kan.

Kí ni mo fẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Mùsùlùmí nìkan ni mo ti ń ra ẹran ní Sábó. Mo sọ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mu omi. Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà tí ẹ ń di ẹrù mi pé ilé ọkọ tí wọn kò bá ti ń jẹ oúnjẹ ìyàwó, àlejò ni ìyàwó ọ̀hún níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ́ àlejò.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò ọkọ mi obìnrin tó fẹ́ ọkọ sí Ìkòròdù bímọ, àwa mẹ́ta sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ, Ìyá, ọkọ mi, àti èmi. A sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, a wọ bọ́lẹ́kájà kan tó ń bọ̀ wá sí Yábà, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ló kún inú rẹ̀. Orí pákó ìjókòó kan náà làwa mẹ́ta wà, Ìyá wà láàárín, apẹ̀rẹ̀ wọn wà lórí itan mi. Kùrùkùrù bo ọ̀nà, igbó wà lápá ọ̀tún, igbó wà lápá òsì. Awakọ̀ wa ń kọrin ìjọ, ó sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbi ìsìn.

Ohun kan fò jáde láti inú igbó, ó pupa, ó yára, ọkọ̀ sì kọlù ú. Gbogbo wa ṣubú lé ara wa lórí. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tí a sọ̀kalẹ̀, àgbọ̀nrín ni, Bàbá. Akọ ni, ó sanra, awọ rẹ̀ ń dán, àwọn tótòtó funfun wà lára rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun tọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mọ́tò ti kọlù ú. Itan òsì ti kán, ìhà òsì ti wọlé. Ó dùbúlẹ̀ sí etí ọ̀nà, kò lè dìde, ṣùgbọ́n ó ń mí.

Ibí ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ayé mi jẹ́. Mi ò ronú rárá, ẹ̀jẹ̀ yín ló gbéra nínú mi. Ẹ ti kọ́ wa pé ẹran tó bá fara gbọgbẹ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú ìrora, pé ẹ̀yìn etí ni kéèyàn ti lù ú lẹ́ẹ̀kan kó tó ta ènìyàn nípàá. Irin tí wọ́n fi ń yí jáàkì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá táyà. Mo gbé e, mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo ti nà án sókè. Ọkọ mi ló pariwo pè mí. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo gbọ́ tí Ìyá ń sọ fún obìnrin ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láìbínú, bí ẹni tó rí ohun tó ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́: “Ẹ ò rí i? Bí wọ́n ṣe ń pa tiwọn nìyẹn.”

Mo rọra gbé irin náà sílẹ̀. Bí ó bá ti balẹ̀ lórí ẹran yẹn, òkúǹbete ni ẹran náà ì bá dà, èmi náà ì bá sì dà á lójú Ìyá títí ayé.

Mo kúnlẹ̀ ti àgbọ̀nrín náà, mo fi ìka kan ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì. Mo mọ̀ nígbà náà pé àyè díẹ̀ ṣì wà, kò pọ̀, bí ìgbà téèyàn ń ka Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìyá lórí ọ̀dà títì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ohun tí mọ́tò pa ṣe. Mo ní kò tíì kú. Wọ́n ní ìwé ni mo mọ̀, pé kí n má fi òye ìwé tan àwọn. Àwọn ẹlẹ́ja ti ń wò wá, ọkọ mi dúró sáàárín àwa méjèèjì bí ẹni tí ọ̀nà méjì dàrú mọ́ lójú.

Mo ní, “Ìyá, ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án. Bí ẹ bá ní ó ti kú, a ó fi í sílẹ̀ fún igún, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́.”

Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà ẹran náà. Mo rí i bí ojú wọn ṣe yí padà. Ọmọ wọn ni wọ́n yíjú sí.

“Ó wà láàyè. Ta ló ní ọ̀bẹ níbí?”

Obìnrin ẹlẹ́ja kan fa ọ̀bẹ yọ láti ìsàlẹ̀ agbọ̀n rẹ̀. Ìyá fi omi inú kẹ́tùlù ọkọ̀ ṣan òórùn ẹja kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fi èékánná dán ojú rẹ̀ wò. Ó ku ẹni tí yóò pa á. Awakọ̀ ní òun yóò ṣe é, àmọ́ orin ìjọ tó kọ láti Ìkòròdù ti tú u fó, Ìyá kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun jáde, ó ní Mùsùlùmí lòun. Ìyá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó kí ìrun àsùbá láàárọ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí, àwọn ẹlẹ́ja sì rẹ́rìn-ín títí ó fi padà sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe já lé ọkọ mi lórí.

Ọkọ mi, Bàbá, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń pa àgbò Iléyá, kò pa adìyẹ rí láyé rẹ̀. Ó gba ọ̀bẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ó sọ ọ́ sí mi létí, ó ní òun kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo yí orí ẹran náà sí ìlà oòrùn bí Ìyá ṣe ní kí n yí i, mo fi orúnkún tẹ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo sì fi ìka mi han ọkọ mi ní ibi tí ọ̀nà ọ̀fun wà. Mo sọ fún un pé kó má ṣe rẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ pákó, pé kó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó má sì di ojú. Ó ní Bísímílláhì. Ìyá sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ kìrìyó, ètè mi ń mì, mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, mo kàn mọ̀ pé Ọlọ́run kan náà ni mo ń sọ ọ́ sí. Ó fà á.

Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, pupa fòò, ó ń fò bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìyá dúró, wọ́n ń wo bó ṣe ń fò, wọn kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ẹran tó ti kú kì í da ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n ní Alihamudulilahi. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó, ẹ̀jẹ̀ wà lára àwa méjèèjì dé ìgúnpá, mo sì mọ̀ pé kò sí ọjọ́ ìgbéyàwó tó tún so wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kúkú mọ̀ pé ẹran kì í sí nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má wà. Awakọ̀ ní tòun ni gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ òun ló pa á, iná mọ́tò òun kan sì ti fọ́. Àwọn èrò ní bí àwọn kò bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ wá ṣe lójú ọ̀nà yìí? Kí a tó mọ̀, Baálẹ̀ abúlé tó wà lẹ́yìn igbó ti dé pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjì. Ó ní orí ilẹ̀ àwọn baba òun ni ẹran ti jẹ koríko. Awakọ̀ ní kí Baálẹ̀ kọ́kọ́ wá tún iná mọ́tò ṣe nígbà tó jẹ́ pé ẹran rẹ̀ ló fọ́ ọ. Baálẹ̀ ní òun kò mọ̀ pé ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì ní iná.

Mo dìde pẹ̀lú ọwọ́ mi tó kún fún ẹ̀jẹ̀, èmi ìyàwó oṣù mẹ́rin, mo sì sọ bí a ṣe ń pín in nílé wa. Itan kan ni ti onílẹ̀. Orí àti apá kan ni ti ẹni tó pa á. Ìyókù, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló ni ín. Baálẹ̀ bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ yín fún un, mo dárúkọ ìlú wa, mo sì sọ pé Olúọdẹ ni yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ní ẹni tó bá mọ òfin ni kó mú ọ̀bẹ. Awakọ̀ bèèrè bóyá ọkọ̀ òun ti wá di ọdẹ ni. Obìnrin ẹlẹ́ja kan dá a lóhùn pé ọkọ̀ tó ti pa ewúrẹ́ àti pẹ́pẹ́yẹ lójú ọ̀nà yìí, kí ló tún kù tí yóò ṣe kó tó joyè ọdẹ? Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, awakọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín, ìjà sì parí.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín bí mo ṣe kun ún. Mo bọ́ bàtà ìsìn mi, mo so ìró mọ́dìí dáadáa. Ikùn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ẹ ti sọ pé ẹran tí wọ́n bá lù ní ẹ̀gbẹ́, ìfun rẹ̀ lè ti ya, bí èyí tó wà nínú rẹ̀ bá sì dà sí ẹran, ó ti tán. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ la awọ díẹ̀díẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ inú, mo wá ibi tó ya kàn. Ó ti ya lóòótọ́, bí gígùn ìka ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n kò tíì dà. Mo fi ọ̀gbọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í lókè àti nísàlẹ̀, mo fa gbogbo ìfun jáde lódidi. Mo yọ òróòro láìfọ́ ọ. Mo bó awọ rẹ̀ láìda ihò kan ṣoṣo sí i lára. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la tẹ́ sílẹ̀, mo sì ń tò ó sórí rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo wọn ti yí mi ká. Ìyá ti fi ọwọ́ lérán.

Baálẹ̀ gba itan ọ̀tún. Awakọ̀ gba orí àti apá ọ̀tún. Àwọn èrò pín ẹ̀yìn, ọrùn, apá kejì àti ìhà ọ̀tún. Kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òsì tí mọ́tò ti lù, itan òsì àti ìhà òsì. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀, ó dúdú bí aró. Awakọ̀ ní ká jù ú sígbó. Mo ní kí wọ́n fún mi, pé òun ni ìpín àwa mẹ́ta. Ọkọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ń fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo tẹ òun náà lẹ́sẹ̀ padà.

Ní Yábà ló yẹ kí Ìyá ti wọ mọ́tò Múṣín. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá wa délé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo ohun tí mo fẹ́ fi ẹran dúdú ṣe.

Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Mo gé gbogbo ibi tó fọ́ yányán sọnù. Mo bó àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ẹran àti ẹran, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó dì máa ń sá pamọ́ sí, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ há a jáde. Mo yọ èérún egungun pẹ̀lú ọwọ́. Mo gbé e sínú omi iyọ̀. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí osùn, mo dà á nù. Ìkejì, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti pààrọ̀ omi ni Ìyá máa ń na ọrùn wo inú abọ́. Ọwọ́ mi ti bó, ẹ̀yìn ń dùn mí, oòrùn ti kọjá àtàrí. Ìgbà tó di omi kẹfà, Bàbá, omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òdòdó tí wọ́n yà sí ìdí abọ́ tánńganran mi fi hàn kedere lábẹ́ ẹran. Ìyá tẹjú mọ́ òdòdó yẹn.

Wọ́n ní kí n gbé ìkòkò mi wá. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n bèèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ti wọ inú rẹ̀ rí, mo ní kò wọ ọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Wọ́n dá a padà fún mi. Mo ya díẹ̀ sọ́tọ̀ sórí wáyà, mo fi iná èédú tó ti rọlẹ̀ yan án kó gbẹ. Ìyókù ni mo sè pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà tí Ìyá fúnra wọn gbé wá láti Múṣín lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo fi irú sí i. Òórùn rẹ̀ fa obìnrin onílé wa jáde kúrò nínú yàrá, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ń jó ni. A bu tirẹ̀ fún un.

Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, Ìyá ti kí ìrun aláásàrì tán. Mo gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ síwájú ọkọ mi. Mo gbé omi síwájú Ìyá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, nítorí mi ò fẹ́ fi ipá mú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Wọ́n wo ife omi náà. Wọ́n wo ọmọ wọn tó ti ti ọwọ́ bọ àwo. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa àwo náà kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti pa ẹran lónìí, kó lọ sinmi.

Wọ́n jẹ ẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di ìṣẹ́po ìró mi mú. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n fọ́ egungun, wọ́n fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀kọ nu ìdí àwo. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, ìyàwó ni wọ́n ń pè mí, kò sí orúkọ mìíràn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n bèèrè pé kí ni wọ́n ń pè mí nílé bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ oríkì mi fún wọn. Wọ́n ti àwo náà sí mi.

“Àṣàkẹ́, bù sí i.”

Mo padà sídìí ààrò, mo sì sunkún sínú ọbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi bèèrè, mo ní èéfín ni.

Ìyá mi, ọmọ yín kì í ṣe àlejò mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé ìkòkò náà lódidi pẹ̀lú ọbẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, wọ́n dì í sínú apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n ní àwọn obìnrin ilé àwọn ní Múṣín gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Títí di òní yìí, wọn kò dá a padà. Ẹnìkan tó ti Múṣín bọ̀ sọ fún wa pé òun gbọ́ tí wọ́n ń ròyìn fún àwọn oníbàárà wọn bí ìyàwó ọmọ àwọn ṣe rán ìfun ẹran lójú títì, bẹ́ẹ̀ dídì ni mo dì í. Ìkòkò obìnrin onílé ni mo fi ń sè báyìí, mi ò sì ní bèèrè tèmi, kó máa gbé ibẹ̀ títí ayé. Bí Sátidé bá dé, wọn á wọlé, wọn kò ní jókòó, ìdí ààrò ni wọ́n ń lọ tààrà láti lọ ṣí ọmọrí wò.

Bàbá, mo fi ẹran yíyan díẹ̀ rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín, ara itan òsì yẹn ni. Ẹ jẹ ẹ́ níwájú àwọn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má sì bù fún wọn títí wọn yóò fi tọrọ gáfárà. Ìyá mi, ẹ máa gbàdúrà fún wa, kí àwa náà pè yín wá síbi ìsọmọlórúkọ láìpẹ́. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí oko yín so, kí ìbọn Bàbá má tàsé, kí ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó ń rìn ní ìgbẹ́ má kọ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí yín, ó ní kí n sọ pé ọwọ́ òun kò gbọ̀n tó bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ìyá Múṣín kí yín púpọ̀púpọ̀, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ kí ilé, ẹ kí ìta, ẹ kí ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè.

Èmi ni, pẹ̀lú ayọ̀ tí kò gba inú yàrá kan,

Àṣàkẹ́, ọmọ yín, ìyàwó ilé Múṣín.